Ọjọ́ Tí Ìyá Alákìísà Wẹ Orogún Rẹ̀

Orogún Ìyá Alákìísà ní táyà mẹ́wàá. Ẹ rọra rẹ́rìn-ín, òun fúnra rẹ̀ ti rẹ́rìn-ín títí. Ọkọ̀ akẹ́rù onímú gígùn kan ni, ti ayé àtijọ́, tó jẹ́ pé bí ó bá ń bọ̀ lókèèrè, ilẹ̀ ló máa kọ́kọ́ sọ fún àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ kí etí rẹ tó gbọ́. Ọdún kẹta tí wọ́n fẹ́ra ni baálé rẹ̀ rà á. Pẹ̀lẹ́ ni àwọn awakọ̀ ń pe ọkùnrin náà, nítorí kò sáré rí láyé rẹ̀, bí òjò tilẹ̀ ń lé e bọ̀ lẹ́yìn. Láti ọjọ́ tó ti gbé ọkọ̀ yẹn wọ ẹnu ọ̀nà ló ti di pé irin ló máa ń kọ́kọ́ kí láàárọ̀, kó tó wá rántí pé òun ní ìyàwó.

Obìnrin mìíràn, bí wọ́n bá gbé orogún wálé bá a, ẹkún ni yóò bú sí. Ìyá Alákìísà pọn omi sí garawa ni. Ó ní bí òun yóò bá bá ẹlòmíràn pín ọkọ, kí ẹni náà ṣáà má rùn.

Pẹ̀lẹ́ ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wẹ̀ ẹ́. Kí ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́ tutù pátápátá, nítorí omi tútù lórí irin gbígbóná ló ń la irin. Kí wọ́n tú orí bátìrì. Kí wọ́n fi ọ̀rá di ẹnu ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń mí, kí wọ́n fi rọ́bà so ó dáadáa, nítorí ẹ́ńjìnnì tó bá mu omi, òkú ni. Lẹ́yìn náà, kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn náà, omi ọṣẹ. Lẹ́yìn náà, omi lásán, díẹ̀díẹ̀, láti inú agolo, kì í ṣe kí èèyàn máa da garawa lé e lórí bí ẹni tó ń lé ewúrẹ́ jáde nínú yàrá. Lẹ́yìn ìyẹn, àkísà, àkísà, àkísà títí ọwọ́ yóò fi ro.

"Má rò pé ẹwà là ń wá o," Pẹ̀lẹ́ sọ fún un. "Ìdọ̀tí ni aṣọ tí àìsàn ẹ́ńjìnnì ń dà bora. Ká aṣọ yẹn kúrò, wàá rí ibi tó ti ń dùn ún. Bí ẹ̀kán ọ́ìlì kan péré bá jáde lára irin tó mọ́, ojú rẹ á tó o."

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni obìnrin náà fi ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo àárọ̀ Sátidé. Àkísà kì í kúrò léjìká rẹ̀, ibẹ̀ ni orúkọ ti jáde. Ìdí rẹ̀ kò kéré, òun náà kò sì purọ́ pé ó kéré. Bí ó bá ti tẹ̀ wọ inú bọ́nẹ́ẹ̀tì, ìdí yẹn nìkan ni àwọn tó ń kọjá lọ máa ń rí, wọ́n á sì kí i.

"Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ìdí mi ń kí yín," lòun náà á dáhùn láti ìsàlẹ̀. "Orí mi ń bọ̀ tó bá ráyè."

Àbúrò ọkọ rẹ̀ kan wà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọmọ náà nígbà tí ìyàwó wọlé, imú rẹ̀ ń ṣàn, ìyàwó ló sì ń bá a nù ún. Ṣùgbọ́n ilé ni wọ́n bí i sí, ó ti wà nílẹ̀ kí ìyàwó tó dé, nítorí náà ọkọ ló jẹ́ sí i. "Ọkọ mi, ẹ fun imú yín" ni ó máa ń sọ fún un. Kò sì lè pe orúkọ rẹ̀, ó ní láti wá orúkọ mìíràn fún un. Nítorí pé ọmọ náà kò lè kọjá lára dígí ọkọ̀ kó má dúró wo eyín ara rẹ̀, ó sọ ọ́ ní Dígí Mi. Orúkọ náà mọ́ ọn lára ju èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ.

Pẹ̀lẹ́ kú ní ọ̀sán ọjọ́ kan, lórí àga, bàtà rẹ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀. Bó ṣe máa ń wakọ̀ náà ló ṣe kú, wẹ́rẹ́, láìdí ẹnikẹ́ni lọ́nà. Kò tíì pé oṣù méjì tí Dígí Mi fi wọ inú yàrá opó, ó nawọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó sì yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ kúrò lórí ìṣó.

"Ọkọ mi, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni. Ọkọ̀ ìdílé ni."

"Mo gbọ́. Ta ni yóò máa wẹ̀ ẹ́?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó ń yí kọ́kọ́rọ́ náà lórí ìka. "Ìyàwó, gbọ́ mi dáadáa. Ẹni tó ń fọ abọ́ kọ́ ló ni oúnjẹ."

Àwọn àgbà ìdílé wo ilẹ̀, wọ́n wo àjà, wọ́n ní kí ìyàwó ṣe sùúrù. Ìyàwó ṣe sùúrù. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ọjọ́ yẹn gan-an ló yọ "Mi" kúrò lára orúkọ náà. Dígí lásán ló kù.

Ọwọ́ ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un, ọwọ́ náà ló sì fi jẹun. Ó lọ sí ibùdókọ̀ tó wà níwájú ilé-iṣẹ́ kan tó ń fọ́ òkúta, níbi tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù máa ń tò sí, ó gbé àgbá kẹrosíìnì kan kalẹ̀ lábẹ́ páànù mẹ́rin, ó ní òun ń fọ ẹ́ńjìnnì. Wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé ọkọ̀ tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ kọjá kì í dákú lójú ọ̀nà, nítorí bí ó bá ti nu ún tán, yóò pe awakọ̀ náà, yóò fi ìka hàn án: "Wo ibí yìí. Rọ́bà yìí ti ń là. Wo ibí yìí, nọ́ọ̀tì yìí ti ń jó." Ní ọdún kẹrin, kò sí ẹ́ńjìnnì kan níbùdókọ̀ náà tí kò mọ gbogbo inú rẹ̀.

Àyàfi ọ̀kan. Dígí kì í gbé orogún obìnrin náà wá. Ó máa ń gbé e kọjá ni lójoojúmọ́, ó ti kùn ún ní ọ̀dà búlúù, ó ti so dígí mọ́kànlá mọ́ ọn. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló ń gbé e lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń kun ọ̀dà, ọ̀rẹ́ yẹn á fọ́n ọ̀dà tó ń dán bíi fàdákà lé gbogbo ìdọ̀tí ẹ́ńjìnnì lórí. Ìyá Alákìísà á jókòó lórí àpótí rẹ̀, á gbọ́ ọ bó ṣe ń gun òkè géètì. Ó ń wúkọ́. Èéfín funfun ń tẹ̀ lé e. "Omi ti ń wọ inú rẹ̀," lá wí fún Baba Táyà, tó ń lẹ táyà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Wọ́n ń pa orogún mi. Wọ́n ń fi ọ̀dà pa á."

"Ẹ sọ fún un."

"Èmi? Ẹni tó ń fọ abọ́?"

Ní ilé-iṣẹ́ òkúta náà, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń yẹ àwọn ọkọ̀ wò, èyí tó bá yege nìkan ni wọ́n ń lẹ ìwé mọ́ níwájú, kó lè máa kó òkúta títí ọdún yóò fi yí po. Bàbá àgbà kan ló ń ṣe àyẹ̀wò náà, Bàbá Onígíláàsì, nítorí pé gíláàsì méjì ló ní, ọ̀kan lójú, ọ̀kan níwájú orí, kò sì dá a lójú rí èyí tó yẹ kó lò. Ṣọ́ọ̀kì ló máa ń mú dání. Ibi tó bá ti rí àìsàn lára ẹ́ńjìnnì, á fa òbìrí yí i ká. Òbìrí kan, ó ṣe é fojú fò. Méjì, á fún ọ ní ìkìlọ̀. Mẹ́ta, kí o máa gbé e lọ sílé. Kì í sì í wo ẹ́ńjìnnì tó bá dọ̀tí rárá. "Mi ò kì í wo ojú tí wọn kò tíì bọ́," ló máa ń sọ.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, wọ́n kéde rẹ̀ láàárọ̀ pé ọ̀sán ọjọ́ náà ni àyẹ̀wò. Ọ̀rẹ́ Dígí tó ń kun ọ̀dà ti rìnrìn àjò. Láago mẹ́jọ, ọkọ̀ búlúù náà yà bọ́ sábẹ́ páànù mẹ́rin, Dígí sọ̀ kalẹ̀. Ó wọ bàtà aláwọ dúdú kan tó ń kọ mànà.

"Ìyàwó."

"Ọkọ mi, ẹ káàárọ̀. Bàtà yín dára o. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ojú mi nínú rẹ̀, ó sì fẹ́ dá mi níjì."

"Má dá mi dúró. Mo fẹ́ kí o fọ̀ ọ́ kó mọ́ ju ti gbogbo wọn lọ. Èmi ni mo máa ṣáájú lọ́sàn-án."

"Ẹ ó ṣáájú. Báwo lẹ ṣe fẹ́ ẹ? Ṣé kí n kàn nù ún ni, àbí kí n fọ̀ ọ́ dé egungun?"

"Dé egungun."

"Ọ̀dà tí wọ́n fi kùn ún wá ńkọ́?"

Dígí gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè díẹ̀, ó fi ojú kan wò ó bí ẹni tó ń wo inú ìkòkò tí kò ní jẹ nínú rẹ̀. "Ọ̀dà yẹn ti ń bó, ó ti dúdú níbì kan. Há a kúrò. Gbogbo ohun tí kì í ṣe irin, mi ò fẹ́ rí i níbẹ̀."

Ìyá Alákìísà fi àkísà nu ẹnu rẹ̀, kí wọ́n má baà rí ohun tí ẹnu náà ń ṣe. "Baba Táyà," ló pè, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ súnmọ́ ibí. Kẹrosíìnì ti ń wọ̀ mí létí, mi ò gbọ́ràn dáadáa mọ́. Ọkọ mi, ẹ bá mi tún un sọ."

Dígí tún un sọ, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan gbọọrọ, bí ẹni tó ń kọ́ òmùgọ̀ ní ìṣirò. "Gbogbo. Ohun. Tí kì í ṣe irin."

"Mo gbọ́ ọ," ni Baba Táyà wí.

"Èmi náà gbọ́ ọ wàyí," ni obìnrin náà wí. "Ẹ lọ jókòó síbi tútù, ọkọ mi. Ẹ má jẹ́ kí eruku ba bàtà yín."

Nígbà tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì náà tán, ó tẹ̀ síwájú, ó wò ó. Ọdún mẹ́rin ni kò ti rí orogún rẹ̀ lójúkojú. Lábẹ́ ọ̀dà fàdákà yẹn, gọ́ọ̀mù dúdú ló wà, tó nípọn tó ìka méjì, wọ́n fi dí gbogbo ibi tí orí ẹ́ńjìnnì ti pàdé ara rẹ̀, láti iwájú dé ẹ̀yìn. Mẹkáníìkì kan ti ń lu Dígí ní jìbìtì, ó ń fi gọ́ọ̀mù dí omi tó ń jò, ó ń sọ pé òun ti tún un ṣe, Dígí sì gbà gbọ́, nítorí pé kò wo ibẹ̀ rí. Ohun tí kò bá lè fi ojú rẹ̀ hàn án, kì í wò ó. Ìyá Alákìísà tú ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí. Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ funfun bíi wàrà, omi ti pò mọ́ ọ́ìlì.

Ó na ọwọ́, ó fọwọ́ kan irin náà. "Wo ohun tí wọ́n fi ojú rẹ rí."

Baba Táyà wò lẹ́yìn, ó wò níwájú, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyá. Ife omi kan péré. Ibi tó ti ń mí yìí, ẹ dà á sí i, ẹ dé e. Bí Dígí bá ti tan án, egungun ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì á kán. Ta ló máa mọ̀?"

Ife ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Omi ti wà nínú ife. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé ó gbé e dé ẹnu ihò náà. Ọdún mẹ́rin ló fi ń dá ọjọ́ yìí rò lórí ibùsùn, ó ti lé Dígí sínú kànga nínú ọkàn rẹ̀, ó ti bọ́ sòkòtò rẹ̀ lójú ọjà, ó ti ṣe gbogbo ohun tí obìnrin onísùúrù lè ṣe fún èèyàn ní ojú inú. Ó gbé ife náà sí ẹnu ara rẹ̀, ó mu ún.

"Rárá," ló wí, ó nu àgbọ̀n rẹ̀. "Bí mo bá dà á, èmi ni mo pa á. Wọ́n á ní opó burúkú ni, òun á wá di ẹni tí wọ́n ń ṣàánú. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣàánú rẹ̀. Iṣẹ́ tó bẹ̀ mí ni màá ṣe fún un, Baba Táyà. Màá ṣe é dáadáa dé ibi tó máa dùn ún dé."

Ó bẹ̀rẹ̀. Ó tú orí bátìrì, ó di àwọn ihò ní ọ̀rá, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ ṣe máa ń dì í. Ó fi kẹrosíìnì rẹ ọ̀dà náà títí ó fi rọ̀, ó fi irin pẹlẹbẹ há a, ó ń ká bí awọ ara ejò. Gọ́ọ̀mù náà ló wá dé bá. Ó ń fà á bí ẹni tó ń fa ikun nímú ọmọ, ó ń rántí imú tó nù lọ́dún náà lọ́hùn-ún, inú ń bí i, inú rẹ̀ ń dùn. Níbi kan tó yẹ kí nọ́ọ̀tì wà, igi ni wọ́n gún síbẹ̀, igi gidi, tí wọ́n fi ọ̀bẹ gbẹ́ létí. Kò ju ohun kankan nù. Ó tẹ́ àpò ìyẹ̀fun kan sílẹ̀, ó to gbogbo ohun tó ń yọ sórí rẹ̀, ní títò, ọ̀dà, gọ́ọ̀mù, igi.

Ní agogo mọ́kànlá, ó tẹ̀ wọ ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì láti fọ ìsàlẹ̀, ìdí rẹ̀ sì há.

"Baba Táyà."

"Ìyá."

"Mo ti há."

"Mo rí i. Gbogbo ibùdókọ̀ ló rí i."

"Ẹ má kàn dúró, ẹ fà mí. Bí mo bá kú síbí, wọ́n á ní orogún mi ló gbé mi mì."

Ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú, ó fà á jáde bí ìgbà tí wọ́n ń fa gbòǹgbò, àwọn méjèèjì jókòó sílẹ̀ gbì, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omijé fi ń bọ́ lójú wọn. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí oòrùn wà ní àtàrí, ẹ́ńjìnnì náà dúró ní ìhòòhò rẹ̀, irin lásán, aláwọ̀ eérú, mímọ́, ó dà bí ìgbà ayé Pẹ̀lẹ́. Ó tú ọ̀rá kúrò lẹ́nu àwọn ihò, ó dá orí bátìrì padà.

Bàbá Onígíláàsì dé, àwọn awakọ̀ pé jọ. Dígí ló ṣáájú lóòótọ́. Ó gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè bí ẹni tó ń ṣí àpótí ẹ̀ṣọ́, ó sì wo ojú àwọn èèyàn dípò kó wo inú ibẹ̀.

Bàbá náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó yí gíláàsì méjèèjì padà. "Ta ló fọ èyí?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Ó mọ́."

"Ọkọ mi ló ní kí n má fi nǹkan kan sílẹ̀."

"Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohùn rẹ̀."

Dígí tan án. Ẹ́ńjìnnì náà wúkọ́, ó gbọ̀n, ó gbé ohùn sókè. Fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú kan, kò sí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, lórí irin tó mọ́ yẹn, ẹ̀kán omi kan yọ, ó rọra sàn wálẹ̀, gbogbo èèyàn rí i. Bàbá náà fa òbìrí yí i ká. Òmíràn yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ́ìlì yọ níwájú, dúdú, ó fa ìlà bí ẹni tó ń kọ̀wé. Òbìrí. Ihò tí igi wà tẹ́lẹ̀ ń súfèé. Òbìrí. Àwọn awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè, bí ọmọ ilé-ìwé. Ní orí ìkeje, ṣọ́ọ̀kì kán lọ́wọ́ Bàbá, ó ní kí wọ́n pa iná rẹ̀.

"Obìnrin yìí ló bà á jẹ́," ni Dígí wí. Ohùn rẹ̀ ti tinrín. "Àná yìí ni mo gbé òkúta níbí. Kò jò. Ó fẹ́ gbẹ̀san lára mi ni."

Ìyá Alákìísà fa àpò ìyẹ̀fun náà wá síwájú Bàbá Onígíláàsì, ó sì kúnlẹ̀ tì í. Bàbá fi ìka kan gbé gọ́ọ̀mù náà sókè, ó gùn tó apá èèyàn. Ó gbé igi náà.

"Ara ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ti yọ èyí?"

"Ọkọ mi ní gbogbo ohun tí kì í ṣe irin," ni obìnrin náà wí.

"Bẹ́ẹ̀ ló wí," ni Baba Táyà fi kún un. "Ẹ̀ẹ̀mejì. Ó tiẹ̀ là á fún wa."

Ẹ̀rín tó bú jáde níbùdókọ̀ náà, ẹyẹ fò kúrò lórí páànù. Awakọ̀ kan ní kí wọ́n lẹ ìwé mọ́ igi náà, ó jọ pé òun ló ti ń kó òkúta látọjọ́ yìí. Òmíràn bi Dígí bóyá dígí kejìlá wà tó lè fi wo ìdí ẹ́ńjìnnì. Ìyá Alákìísà kò rẹ́rìn-ín. Ó ń mu adùn ọjọ́ náà díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí òùngbẹ ti ń gbẹ láti ọdún mẹ́rin, tí kò fẹ́ kó tètè tán.

Dígí fò sókè sórí ìjókòó, ó gbá ilẹ̀kùn dé.

"Má tan án," Bàbá Onígíláàsì wí. "Omi inú rẹ̀ ti fẹ́ jáde tán. Ní kí wọ́n fà á."

Ó tan án. Obìnrin náà mọ ohun tó kàn. Abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó ti kú látọjọ́ tí Pẹ̀lẹ́ ti wà láyé, etí ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n, Dígí kò sì ní etí yẹn. Òkè wà lẹ́nu géètì. Ìṣẹ́jú mẹ́ta, bóyá mẹ́rin. Ó la ẹnu láti kígbe pé, "Ọkọ mi, ẹ sọ̀ kalẹ̀." Ó rántí kọ́kọ́rọ́ tó ń yí lórí ìka. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé.

Ọkọ̀ náà gun òkè dé ìdajì. Ohùn rẹ̀ ga, ó wá dún bí ẹni tí wọ́n di ọ̀fun rẹ̀ mú, ó dákẹ́ gbà. Èéfín bò ó. Ó dúró gbagidi lẹ́nu géètì, ọkọ̀ mọ́kàndínlógún tò sẹ́yìn rẹ̀, gbogbo wọn ń fọn fèrè.

Bàbá Onígíláàsì gun òkè náà tòun ti ìwé rẹ̀, Ìyá Alákìísà tẹ̀ lé e. "N ó fà á kúrò. Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ni ín kí n tó fọwọ́ kàn án. Ìwọ ni?"

Dígí ti sọ̀ kalẹ̀. Ọ́ìlì ti ta sí bàtà rẹ̀. Ó sọ kọ́kọ́rọ́ náà mọ́ Ìyá Alákìísà láyà. "Èmi kọ́. Òun ni. Kó gbé òkú ọkọ̀ ọkọ rẹ̀, kó lọ máa fọ̀ ọ́ títí dé sàréè. Mi ò ṣe mọ́."

"Buwọ́ lù ú pé òun ló ni ín," ni Bàbá wí.

Ó buwọ́ lù ú. Awakọ̀ mẹ́fà ló jẹ́rìí sí i, nítorí pé wọ́n fẹ́ kí ọ̀nà ṣí. Wọ́n fa ọkọ̀ náà padà sábẹ́ páànù mẹ́rin, Dígí sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé nínú eruku, kò sí dígí kankan lójú ọ̀nà yẹn. Ìgbà yẹn ni obìnrin náà tó rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń ro ó, ó fi àkísà di ẹnu, ó tún rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, ó ti irin gígùn bọ iwájú ẹ́ńjìnnì náà, láti fi ọwọ́ yí i. Kò yí. Baba Táyà bá a dì í mú. Kò yí. Ó ti gan pa. Ẹ̀rín náà wọlẹ̀ lọ. Ó gbé orí lé irin náà.

"Mo mọ̀," ló sọ fún ẹ́ńjìnnì náà, kì í ṣe fún Baba Táyà. "Mo mọ̀ pé yóò rí báyìí, mo sì dákẹ́. Má bínú. Mi ò lè jẹ́ kí Dígí lọ láìjìyà."

"Bí kò bá jí mọ́ ńkọ́?" ni Baba Táyà bi í.

"A jẹ́ pé òun náà kò ní wà á mọ́."

Ṣùgbọ́n ó da ọ́ìlì burúkú náà nù, ó tú àwọn ihò òkè, ó da ọ́ìlì tuntun tí ó pò mọ́ kẹrosíìnì sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kó lè wọ ibi tí irin ti di irin mú. Ní àárọ̀ kejì ó tún dà á. Ní ẹ̀kẹta. Ní àárọ̀ karùn-ún, ó ti irin gígùn bọ̀ ọ́, ó fi gbogbo ìdí tí wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ohun kan dún kẹ́kẹ́ nínú ibẹ̀. Ó yí. Kò ju ìwọ̀n ìka kan lọ. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tún yí.

Ọjọ́ yẹn kan náà ni Dígí dé, bàtà rọ́bà ló wọ̀. Ó dúró lẹ́yìn àgbá kẹrosíìnì bí ẹni tó wá tọrọ iyọ̀.

"Ìyá."

Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. "Ọkọ mi. Ẹ káàbọ̀."

"Inú ló ń bí mi lọ́jọ́ yẹn. Ẹ sì mọ̀ pé inú ló ń bí mi. Ṣé..." Ó fi ojú sọ́hùn-ún, ó fi ojú síbí. "Ṣé ó ṣì ń mí?"

Ó lè sọ pé ó ti kú. Ìyẹn ì bá rọrùn, ẹkún ọjọ́ kan péré ni. Ìyá Alákìísà na irin gígùn náà sí i. "Ẹ wá. Ẹ fi ọwọ́ ara yín tẹ̀ ẹ́."

Dígí di irin náà mú, ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ́ńjìnnì náà yí lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó rọ̀, ó wúwo, bí ẹni tó ń yí ẹ̀gbẹ́ padà lójú oorun. Ojú rẹ̀ là. Eyín rẹ̀ yọ, ó rẹ́rìn-ín bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. "Ó wà láàyè," ló wí. "Ìyá, ó wà láàyè."

"Ó wà láàyè," lòun náà wí, ó jẹ́ kó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, kó mọ̀ ọ́n dáadáa, kó wọ ọwọ́ rẹ̀, kó má lè gbàgbé rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ó gba irin náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi àkísà nu ibi tó dì mú.

"Ẹ ṣeun, ọkọ mi. Ẹ máa lọ sílé."